Kànga Kejì Ìyá Síkírù

Tí ẹ bá wọ ilé wa ní Múṣín, tí ẹ béèrè ẹni tó ń ṣọ́ Wáífáì, wọn ò ní nawọ́ sí ọ̀dọ́ kankan tó gbé láptọ́ọ̀pù lé itan. Ìyá àgbà kan tó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá àkọ́kọ́, tó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, tó ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ, òun ni wọ́n máa fi hàn yín. Fóònù tiẹ̀ gan-an, ti ẹlẹ́tọ́ọ̀ṣì ni, rọ́bà ló fi de bátìrì mọ́ ọn. Kò lè gbé fídíò, kò lè ṣe Wásáàpù, ìpè nìkan ló mọ̀. Ìyá Síkírù là ń pè é. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Bọ́tìnnì, síìpù àti òwú ìránṣọ ló tà ní Tejúoṣó títí orúnkún fi ní kó lọ jókòó sílé.

Èmi ni Ìyá Aneesah, yàrá kẹrin. Irun ni mo ń ṣe, iwájú ilé yìí náà ni ṣọ́ọ̀bù mi, kò sí ohun tó ń wọlé tó ń jáde tí ojú mi kì í tó. Torí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, wọn ò rò ó fún mi o, ìṣojú mi ló ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti kànga. Kí lándílọ́ọ̀dù tó gbẹ́ bóhòlù fún wa, kànga kan ṣoṣo ni gbogbo yàrá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń pọn. Ó ní ìdérí irin, ìdérí náà ní àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ àgádágodo yẹn sì wà lọ́rùn Ìyá Síkírù, okùn ló fi so ó kọ́. Àárọ̀ ló ń ṣí i, ìrọ̀lẹ́ ló tún ń ṣí i. Lọ́sàn-án, kànga á sinmi kí omi lè sun jọ. Òfin ẹ̀ ò pọ̀: má fi ike ẹlẹ́gbin fa omi, má sì ṣí kànga fún ará ìta lẹ́yìn mi. Ẹni tó bá rú u, ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi ní dé etí kànga.

Ẹ̀yin á ní, ọ̀sẹ̀ kan, ṣé ìyẹn náà níyà? Ẹ dúró ná. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, Ìyá Síkírù fúnra ẹ̀ ló máa pọn omi fún ilé onítọ̀hún. Á ká òṣùká, á gbé garawa karí, á gbé e dé ẹnu ọ̀nà ẹ, á wá pè ọ́ pé, "Wá sọ̀ mí." Ìyá tó lè bí ìyá ẹ ló ń pọnmi fún ẹ, gbogbo ilé sì ń wò! Àwọn ọmọ ẹ á wẹ̀, ọbẹ̀ ẹ á hó, ṣùgbọ́n ojú ò ní jẹ́ kó o jáde. Mo mọ bàbá onímọ́tò kan, géńdé ọkùnrin, ọjọ́ kejì ló ti ń bẹ̀bẹ̀ kiri pé kí wọ́n kúkú na òun.

Bóhòlù dé, wọ́n fi sìmẹ́ńtì bo kànga. Mo rò pé iṣẹ́ Ìyá Síkírù ti tán nìyẹn.

Àfi ìgbà tí dátà gbówó lórí. Èyí tí à ń rà ní ẹgbẹ̀rún kan náírà di ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, kò sì pọ̀ sí i. Onírun bíi tèmi, orí fóònù ni kọ́sítọ́mà ti ń fi sítáìlì tí wọ́n fẹ́ hàn mí. Aneesah ọmọ mi náà, orí fóònù ló ti ń ṣe lẹ́sìn. Èyí tí mo bá rà láàárọ̀, ilẹ̀ ò ní ṣú bá a. Ni Tíṣà Ambrose, yàrá kejì, bá ní ká dáwó jọ, ká ra ráútà kan, ká máa san owó oṣù ẹ̀ pọ̀. A dá a. Oṣù àkọ́kọ́ ò tíì parí, gbogbo àdúgbò ti mọ páswọ́ọ̀dù. Ẹ̀gbọ́n sọ fún àbúrò, àbúrò sọ fún ọ̀rẹ́, àwọn ọmọ ọlọ́mọ wá tò sórí fẹ́ńsì wa pẹ̀lú fóònù bí ẹyẹ. Ìjà dé, a tú ká, ráútà wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí a tún padà jókòó lé e lórí, ọ̀rọ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: ta ló máa mú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀? Kálukú ń wo ẹnì kejì bí olè. Tíṣà ló yíjú sí Ìyá Síkírù.

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Èmi? Èmi tí mi ò mọ orí ẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí?"

"Ìyẹn gan-an la fi fẹ́ yín, Màmá. Ẹni tí kì í jẹ ẹran là ń ní kó ṣọ́ ìkòkò ọbẹ̀."

"Ó dáa. Ṣé ó máa ń gbẹ?"

"Ó máa ń gbẹ, Màmá. Tí a bá lò ó kọjá bó ṣe yẹ, wọ́n á dín in kù, á máa kán tó-tó-tó títí oṣù á fi parí."

"Ará ìta lè jí i fà?"

"Ṣebí ojú yín ló ṣe níjọ́sí."

"Kànga ni nígbà yẹn. Ẹ gbé e wá."

Bó ṣe di ti Ìyá Síkírù nìyẹn. Ó gbé ráútà sórí tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, òun àti bátìrì kékeré tó ń gbé e ró tí Nẹ́pà bá mú iná lọ. Ó tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kànga àtijọ́, ó so ó mọ́ ọn létí. Láàárọ̀ Sátidé, gbogbo ilé á gbálẹ̀, a ó fọ gọ́tà. Tí a bá parí, á pè mí, torí ọwọ́ mi ló fi ń ṣe é: "Ìyá Aneesah, wá bá mi pààrọ̀ àgádágodo." Á wá sọ ọ̀rọ̀ tí mo máa tẹ̀. Gbogbo ẹ̀, ọjà Tejúoṣó ni! Lọ́sẹ̀ yìí bọ́tìnnì onígóòlù, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e síìpù gígùn. Lẹ́yìn náà á máa lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, á fẹnu bá etí olórí yàrá. Ẹni tí kò bá fọ gọ́tà, á kọjá lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ bí ẹni pé kò rí i.

"Màmá," Tíṣà ní lọ́jọ́ kan tó sùn gbàgbé, "ìjọba gan-an ò le tó yín o."

"Ìjọba ò fọ gọ́tà wa. Lọ fọ̀ ọ́, kí n sọ ọ́ fún ẹ."

Nírọ̀lẹ́, ọmọ tó ń kàwé ló ń kọ́kọ́ lò ó, fíìmù á dúró. Owó tí mò ń ná lórí dátà wálẹ̀ débi pé mo ra fáànù tuntun sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ará ilé kejì ń wá wo bí a ṣe ń ṣe é. Mo máa ń sọ fún kọ́sítọ́mà pé, "Dátà tiyín ní káàdì, tiwa ní ìyá!"

Máyọ̀kún ló wá fẹ́ bà á jẹ́. Ọmọ Iléṣà ni, yàrá keje, ọjà Ládìpọ̀ ló ti ń bá ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ ta iná mọ́tò. Ọmọ dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ kan kọ́ iṣẹ́, tó ń wá ilé-iṣẹ́ òkèèrè tí èèyàn á jókòó nílé ẹ̀, á máa dá àwọn oníbàárà wọn lóhùn. Wọ́n wá pè é. Ìntáfíù, Ọjọ́rú, aago méjì ọ̀sán, lórí fídíò. Wọ́n ní inú ilé tó ti máa ṣiṣẹ́ gan-an ni kó ti ṣe é, kí àwọn lè mọ̀ bóyá intanẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Gbogbo wa ń bá a gbàdúrà, tèmi ní mọ́sálásí, ti Tíṣà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́rú yẹn, Wáífáì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Olùkọ́ Aneesah lanu lórí fóònù, ẹnu ò pa dé mọ́. Mo pe àwọn tá à ń sanwó fún, wọ́n ní a ti lo ti oṣù yìí tán. Tán báwo? Mo ṣí ibi tó to orúkọ gbogbo ohun tó ń fà á sí, mo ń kà á fún Ìyá Síkírù: fóònù tèmi, fóònù Tíṣà... ni mo bá kan "Tẹlifíṣọ̀n Jeremy".

Jeremy kì í ṣe ará ilé wa. Ẹ̀yìn fẹ́ńsì wa ló ti ń fi bọ́ọ̀lù han àwọn èèyàn, wọ́n ń sanwó wọlé. Ìyá Síkírù wọ bàtà, ó mú ọ̀pá, mo tẹ̀lé e.

"Jeremy, ta ló ṣí kànga fún ẹ?"

"Kànga kẹ̀? Màmá, bóhòlù lèmi náà ń lò."

"Tẹlifíṣọ̀n ẹ ń mumi nílé wa. Ta ló fún un ní ike?"

Jeremy wojú mi, mo wojú ẹ̀ padà. "Ẹ má bínú, Màmá. Máyọ̀ ni. Torí kí n lè jẹ́ kó máa wo bọ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́ ni."

Máyọ̀kún ò jiyàn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo wa ní láti tún dáwó kí wọ́n tó ṣí i padà fún wa, ó ká mi lára, ẹnu mi ò sì dákẹ́. Ìyá Síkírù ò pariwo rárá. "Ọ̀sẹ̀ kan," ló wí. A pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù, ó sọ ọ́ láti yàrá dé yàrá, ó sì kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá keje.

"Màmá, ìntáfíù mi, Ọjọ́rú!"

"Mo gbọ́."

Tíṣà bá a bẹ̀bẹ̀. "Màmá, ẹ fi ọjọ́ díẹ̀ jì í."

"Tí mo bá fi jì í torí pé ó ní nǹkan ṣe, ta ni kò ní nǹkan ṣe nílé yìí? Ìwọ náà á ní tìẹ, Ìyá Aneesah á ní tiẹ̀. Ká kúkú tún gbé e padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

A mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ọjọ́rú pé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjì lù, Máyọ̀kún wà ní àgbàlá. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó de táì, ṣòkòtò péńpé ló wà nísàlẹ̀, ó ń na fóònù sókè bí ẹni tó fẹ́ fi nǹkan han ọ̀run. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kì í wọ apá ẹ̀yìn ilé tí yàrá keje wà yẹn, ráútà nìkan ló lágbára tó lè fà á níbẹ̀. Ìbínú mi tán. Mo fi kọ́sítọ́mà sílẹ̀ pẹ̀lú irun ìlàjì, mo sáré bá Ìyá Síkírù.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ páswọ́ọ̀dù fún un."

"Ọ̀sẹ̀ kan ni mo wí."

"Ó dáa, wáyà kúkurú kan wà nínú páálí ráútà, kò nílò páswọ́ọ̀dù. Kó wá jókòó ní yàrá yín, ká fi so láptọ́ọ̀pù ẹ̀ mọ́ ọn."

"Ẹni tí mo ní kó má dé etí kànga ló máa wá jókòó sétí ẹ̀?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pòṣé, Ọlọ́run ló yọ mí. Àṣé ìyá ti ń dìde. Ó tún ìró ró. Ó fa gèlè àtijọ́ kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Mò ń wò ó, mi ò mọ ohun tó ń ṣe, àfi ìgbà tó gbé e lé àárín orí. Òṣùká!

"Ìyá Aneesah, bá mi gbé e rù."

"Kí ni, Màmá?"

"Omi Máyọ̀kún."

Atẹ ẹ̀wà la gbé ráútà àti bátìrì ẹ̀ lé. Mo gbé e rù ú. Iná wínníwínní ń ṣẹ́jú lórí ìyá, kọ́kọ́rọ́ kànga ń fì sọ́tùn-ún sósì létí atẹ. Orúnkún tó ní kó sinmi, ó ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀, láti yàrá àkọ́kọ́, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjá lórí sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi bo kànga. Gbogbo ilé jáde. Kọ́sítọ́mà mi jáde pẹ̀lú irun ẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tíṣà ṣí fìlà.

"Máyọ̀kún! Wá sọ̀ mí."

Bí ọmọ yẹn ṣe yíjú, fóònù bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, táì wọ inú iyẹ̀pẹ̀. Ojú ẹ̀ ti pọ́n.

"Dìde jàre, ṣẹ́ẹ̀tì ẹ á dọ̀tí, àwọn òyìnbó ń dúró. Sọ̀ mí, ọrùn ń ro mí."

Ó sọ̀ ọ́. A wọ yàrá keje, mo ki ẹnu wáyà kan bọ ráútà, mo ki ìkejì bọ láptọ́ọ̀pù. Ìyá Síkírù ò kúrò níbẹ̀ o. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé atẹ lé itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Èmi wà lójú fèrèsé pẹ̀lú òòyà lọ́wọ́.

Òyìnbó obìnrin kan yọ, ojú ẹ̀ mọ́ kedere. Ó ń béèrè, Máyọ̀kún ń dáhùn, gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ń dán. Obìnrin yẹn wá ní, intanẹ́ẹ̀tì ilé yín ńkọ́, ṣé ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé?

Máyọ̀kún yí láptọ́ọ̀pù padà sí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ẹni tó ń ṣọ́ ọ nìyí." Ló bá sọ gbogbo ẹ̀: bó ṣe ṣí i fún ará ìta, bí wọ́n ṣe fòfin dè é, bí ìyá ṣe rù ú wá. Mo fi òòyà lu ògiri. Ó ti bà á jẹ́! Ta ló rán an níṣẹ́ òótọ́?

Òyìnbó tẹ̀ síwájú, ó ń wo ìyá. Ó ní, orí ni wọ́n fi gbé e wá? Máyọ̀kún sọ ọ́ ní Yorùbá.

"Sọ fún un pé kò wúwo tó garawa," Ìyá Síkírù ní. "Kó sì máa ṣe kíá, àwọn tó kù ń lò ó."

Nígbà tó túmọ̀ ẹ̀, obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú ẹ̀.

Wọ́n gbà á. Bóyá torí gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ni o, bóyá torí ìyá ni o, mi ò sí nínú ilé-iṣẹ́ wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tó gba owó àkọ́kọ́, ó mú owó oṣù Wáífáì gbogbo ilé wá fún Ìyá Síkírù pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀. Ìyá ka ìpín yàrá keje jáde níbẹ̀, ó dá ìyókù padà sọ́wọ́ ẹ̀.

"Tí ìwọ nìkan bá san án, o ò ní pẹ́ sọ pé tìẹ ni. Ra bàtà fún ìyá ẹ."

Jeremy náà ti ra ráútà tiẹ̀, ó wá ń bẹ Ìyá Síkírù pé kí wọ́n bá òun ṣọ́ ọ. Ìyá ní òun ń rò ó.

Tí ẹ bá sì fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ tí mo tẹ̀ ní Sátidé tí ìyà Máyọ̀kún parí, ọjọ́ tó jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ wọ inú gọ́tà, kò sí ti Tejúoṣó níbẹ̀. "Tẹ òṣùká," ni ìyá wí. Ẹ má wulẹ̀ wá dúró sétí fẹ́ńsì wa gbìyànjú ẹ̀ o. A ti pààrọ̀ ẹ̀.