Iṣu Tuntun àti Fíṣà Oṣù Mẹ́ta

Òórùn iṣu tuntun tí wọ́n ń sun ní ẹ̀yìnkùlé bàbá wa ní Ìkẹ́rẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lọ́jọ́ náà, kí n tó bọ́ sílẹ̀ nínú takisí. Èéfín rẹ̀ ta mí nímú, ó sì tún dùn mọ́ mi. Ìwọ náà mọ ìlú òkèèrè tí mo ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọgbọ̀n ọdún, ọ̀rẹ́ mi. Wọn kì í gbà kí ènìyàn jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè méjì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ mí di ọmọ tiwọn, wọ́n ní kí n kọ ti Nàìjíríà sílẹ̀ ná. Mo ní ọmọ mẹ́ta nílé ìwé. Mo fọwọ́ sí i. Láti ìgbà náà, fíṣà ni mo fi ń wọ ilé bàbá mi.

Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ olórí ẹbí ti kú, èmi ni ọkùnrin tó dàgbà jù. Nínú ilé wa, ẹni tí yóò jókòó sórí àga olórí ẹbí ni í kọ́kọ́ gé iṣu tuntun lójú gbogbo ẹbí. Ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò bàbá mi, tí mo fi ọdún méjì jù lọ, ti mú ọ̀bẹ dání kí n tó dé.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àbọ̀ o. Oṣù mélòó ni wọ́n kọ sínú fíṣà yín?”

“Mẹ́ta.”

“Ẹ gbọ́ o, ará ilé! Ṣé olórí ẹbí olóṣù mẹ́ta la fẹ́ yàn?”

Àwọn ìyàwó ilé bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, n kò ní purọ́ fún ọ, nítorí òótọ́ ló sọ. Síbẹ̀, ìbínú borí ìtìjú. Mo ju ìwé ìrìnnà mi sórí tábìlì, mo sì na ọwọ́ sí ọ̀bẹ.

“Ìjọba ló ń ka oṣù fún mi. Ta ló ń bá wọn kà á nínú yín? Kó dìde, kí n rí i.”

Àbúrò bàbá wa obìnrin, àgbà gbogbo wa, ló fọhùn láti orí àpótí rẹ̀: “Mú ọ̀bẹ fún un, jàre. Uṣu ti ń tutù.”

Mo gé e.

Oṣù mẹ́ta pé, n kò lọ. Mo ti kọ̀wé sí Àbújá pé kí wọ́n dá jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí mo kọ̀ sílẹ̀ padà fún mi. Wọn kò tíì dáhùn. Àwọn tọ̀hún ní bí mo bá gbà á, àwọn yóò gba tàwọn padà. Kí wọ́n wá gbà á! Ó pẹ́ tí mo ti rò pé ìlú mi ni mo kọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo fọwọ́ sí ìwé wọn. Àṣé ìwé lásán ni.

Iṣu tuntun tún jáde lọ́dún yìí. Àbúrò mi yẹn ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọ̀bẹ wá: “Ẹ̀gbọ́n olóṣù mẹ́ta, ó ti jinná o.”