Mọ́tò Jámánì Méjì Sáré, Wọ́n Gbàgbé Adájọ́ Sójú Títì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fà sún mọ́ mi díẹ̀, kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní Sátidé kan lóṣù tó kọjá. Bí mo bá pa á mọ́ra, á wú mi nínú. Bí mo bá sì sọ ọ́ fún ìyàwó mi lórí fóònù, á ní kí n yáa máa bọ̀ ní Kánádà, bí ẹni pé wọ́n ń wọ ọkọ̀ Kánádà ní gáráàjì Òkìtìpupa!

Ẹ mọ̀ pé èmi nìkan ni mò ń gbé ilé bàbá wa ní Ìlútítun báyìí. Ìyàwó mi lọ bá ọmọ wa tọ́jú ọmọ tuntun lókè òkun. Ó ní oṣù mẹ́ta péré lòun máa lò. Ọmọ tuntun ọ̀hún ti ń gbá bọ́ọ̀lù báyìí, mo rí i nínú fídíò.

Nítorí náà, nígbà tí Mìdé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, pè láti Èkó pé òun ń bọ̀ wálé, tí Fẹ́mi, ọmọ àbúrò mi obìnrin, náà pè láti Àbújá pé òun ń bọ̀, ṣé ẹ mọ bí inú mi ṣe dùn tó? Mo gbá inú ilé. Mo gbá ìta. Mo tún gbá ẹ̀yìnkùlé tí ẹnikẹ́ni kì í dé. Mo ra ẹja tútù tó ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìgbókòdá wá, mo fi se ọbẹ̀ marúgbó dúdú bí ìyá wa ṣe máa ń sè é. Pupuru tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe wà nílẹ̀, omi gbígbóná nìkan ló ń dúró dè. Mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí yàrá méjì. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n máa sùn.

Mi ò mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni wọ́n wá wò. Títì ni wọ́n wá wò o!

Ọ̀nà kan wà lọ́dọ̀ wa tó gba inú oko ọ̀pẹ kọjá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí i ni, ó gùn gbọọrọ, kò ní kọ́nà, mọ́tò kì í sì í pọ̀ níbẹ̀. Ó ti pẹ́ táwọn ọmọ yìí ti ń bá ara wọn jiyàn lórí fóònù nípa mọ́tò ta ló yára gbéra ju ti ẹnì kejì lọ. Ni wọ́n bá ní káwọn pàdé ní ilé Bàbá Kékeré. Èmi ni Bàbá Kékeré.

Ará Jámánì ló ṣe mọ́tò méjèèjì. Bí ẹ bá rí wọn níbi tí wọ́n dúró sí, ẹ ó ní mọ́tò tí olórí ìjọ máa ń gbé lọ síbi ìsìn ni. Ilẹ̀kùn mẹ́rin, jẹ́jẹ́ bí àgbà. Iná tó wà nínú wọn ni kò jọ ti àgbà. Ti Mìdé ní ìràwọ̀ níwájú. Imú ti Fẹ́mi pín sí méjì bí imú màlúù. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n o, kí lọ́yà má baà wá mi wá láti Jámánì. Ẹ jẹ́ ká pe ọ̀kan ní Oníràwọ̀, ká pe èkejì ní Onímú.

Wọn ò tíì kí mi tán tí iyàn fi bẹ̀rẹ̀.

“Fẹ́mi, kí ìwọ tó gbéra, èmi ti dé Òkìtìpupa.”

“Nínú èyí? Mọ́tò bàbá àgbà! Ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ dà?”

Mìdé yọ fóònù, ó fi fídíò hàn wá níbi tí Oníràwọ̀ ti ń fi ẹnì kejì sílẹ̀. Fẹ́mi náà yọ tirẹ̀, Onímú ló ń borí níbẹ̀. Ni mo bá ti ẹnu bọ ọ̀rọ̀ tí kò kàn mí. Mo ní títì òyìnbó nìyẹn. Ṣé títì òyìnbó ní iyanrìn létí? Ṣé ewúrẹ́ máa ń dá kọjá níbẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni?

Àwọn méjèèjì bá kọjú sí mi. Wọ́n ní mo ti sọ ọ́, pé títì wa gan-an ló máa sọ òótọ́, àti pé èmi ni kí n ṣe adájọ́, torí ìyá kan náà ló bí èmi àti òbí àwọn méjèèjì, mi ò ní ṣègbè. Kí n má parọ́, orí mi wú. Ó ti pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti fi mí ṣe nǹkankan.

Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹun.

“Bàbá Kékeré, ikùn tó kún kì í sáré,” Fẹ́mi ló wí bẹ́ẹ̀. “Tá a bá ṣe tán, a máa jẹ ẹ́ tìkòkòtìkòkò.”

Mo dé ìkòkò padà.

Mìdé ló kọ́kọ́ gbé mi. Ó dá Oníràwọ̀ dúró láàárín títì, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, mọ́tò náà ba bí ológbò tó rí eku. Ó ní kí n gbé orí mi ti àga. Kí n tó béèrè ìdí rẹ̀, fìlà mi ti wà lẹ́yìn! Èmi tí mo máa ń bẹ ọlọ́kadà pé kó rọra tó bá ń gun òkè! Mo pe Jésù. Nígbà tí mọ́tò ò dúró, mo pe ìyàwó mi.

Ó kan Onímú. Èyí kọ́kọ́ fi ìdí rìn lórí iyanrìn, táyà rẹ̀ ké, mo ní ó tán, kò lè ṣe é. Àṣé ó ń wá ibi tó máa di mú ni. Bó ṣe rí i báyìí, kò jẹ́ kó bọ́ mọ́. Bí mo bá ní láti fi wọ́n wéra, Oníràwọ̀ dà bí ẹni tó gbá ọ létí lójijì. Onímú dà bí ẹni tó gbé ọwọ́ lé ọ láyà, tó ń tì ọ́ lọ, tó ń tì ọ́ lọ, tí kò fẹ́ kó o dúró láyé.

Wọ́n béèrè pé èwo ló yá jù. Mo ní àwọn méjèèjì ló fẹ́ pa mí.

Wọ́n ní ó kù kí wọ́n jọ sá a. Wọ́n gbé mi lọ síbi tí eré náà máa parí sí lọ́hùn-ún, lẹ́bàá afárá kékeré kan, wọ́n fún mi ní áńkáṣíìfù funfun, wọ́n ní kí n wo ẹni tó bá kọ́kọ́ kọjá dáadáa, wọ́n sì padà lọ síbi tí wọ́n ti máa gbéra.

Mo rí wọn lókèèrè bí èèrà méjì. Oníràwọ̀ ló kọ́kọ́ fò. Eruku bo Onímú, àmọ́ kó pẹ́, ó ti wà nídìí rẹ̀. Wọ́n ń bọ̀. Ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ bàtà mi. Wọ́n dé! Vúúú! Wọ́n fọn fèrè sí mi, wọ́n kọjá.

Mo dúró kí wọ́n yí padà.

Wọn ò yí padà.

Mo kọ́kọ́ rò pé táyà ló bẹ́. Mo rìn síwájú díẹ̀, mi ò rí nǹkankan. Fóònù mi ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo jókòó sórí afárá náà pẹ̀lú áńkáṣíìfù mi. Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ṣé kí n pariwo ni? Ta ni mo fẹ́ pariwo sí, igi ọ̀pẹ?

Ọlọ́kadà kan tó máa ń gbé mi, tó ń ti Ìyànsàn bọ̀, ló rí mi. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ṣé wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ dídá mọ́tò dúró ni.

Mo ní adájọ́ ni mí.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Bàbá, àwọn tẹ́ ẹ̀ ń dájọ́ fún dà?”

Mo gun ọ̀kadà. Mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́ dáadáa, torí mo rò pé bóyá wọ́n ti gba ọ̀nà mìíràn délé, wọ́n ti jókòó ti ìkòkò. Ó ní, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní kí n rọra?” Mo ní kó ṣáà máa lọ.

Kò sẹ́nì kankan nílé. Ìkòkò wà bí mo ṣe dé e.

Nígbà tó yá, Mìdé pè. Ẹ gbọ́ ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀: “Bàbá Kékeré, ta ló borí?” Ó ti ń sún mọ́ Èkó, ó ní òun ò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun lọ́nà. Mo bi í pé èmi ńkọ́. Ó ní ṣebí Fẹ́mi ló yí padà láti gbé mi. Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni Fẹ́mi pè. Òun náà ti wà lọ́nà Àbújá, ó ní ṣebí Mìdé ló gbé mi. Àwọn méjèèjì bẹ̀ mí gan-an, mo gbà pé ó dùn wọ́n. Kò sí ìkà nínú wọn.

Àmọ́ ewúrẹ́ àjọní, ebi ló ń pa á. Nígbà tí mo jókòó ti ọbẹ̀ mi, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ti ọjọ́ yẹn lọ. Mìdé rò pé Fẹ́mi ló ń pè mí, Fẹ́mi rò pé Mìdé ni. Ìyàwó mi rò pé àwọn ẹbí ń yà wò mí. Àwọn ẹbí rò pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní kí ló lè ṣe bàbá tó lọ́mọ lókè òkun? Lójú oníkálùkù, inú mọ́tò ẹlòmíì ni mo wà, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn!

Ẹja náà, èmi àti ológbò aládùúgbò la jọ jẹ ẹ́. Pupuru ṣì ń bẹ lórí àjà. Èéfín ló gbẹ ẹ́, kì í tètè bàjẹ́, ó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de èèyàn.

Láti ìgbà náà, fóònù mi kì í sinmi. “Ẹ kàn sọ ọ́, Bàbá Kékeré!” Mo ní ilé ẹjọ́ mi kì í jókòó lórí fóònù. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìdájọ́, kó wá jẹun, kó sùn. Ọ̀kan ní ó di Kérésì. Èkejì ní òun á wò ó.

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ má sọ ọ́ síta o. Mi ò mọ ẹni tó borí. Bí wọ́n ṣe kù díẹ̀ kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, mo di ojú mi pinpin! Ẹ̀rù ni. Nígbà tí mo máa fi là á, ẹ̀yìn mọ́tò ni mo rí.

Ẹ̀yin ọmọ, bẹ́ ẹ bá ń bá ara yín sáré, kí ẹnì kan sọ ọ́ tẹnu tẹnu pé òun lòun máa gbé bàbá. Ẹ má fi “ṣebí” ṣe é. Ta ló ti ṣẹlẹ̀ sí rí nínú yín, tí ẹni méjì rò pé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì ló wà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo máa kà á, àyè wà fún mi.

Bẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rù pé Mìdé àti Fẹ́mi á rí àṣírí mi níbí, ẹ fọkàn balẹ̀. Fídíò mọ́tò ni wọ́n máa ń wò, wọn kì í ka ohun tí mo bá kọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wá kà á débí, tó sì pè mí, òun ló borí.