Bébà Alálùbọ́sà ti Lánlọ́ọ̀dù Wa

Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀ fún lánlọ́ọ̀dù wa ní Ìkòsí, kábíyèsí gbogbo ẹni tó ń tẹ bébà jáde ní kafé íńtánẹ́ẹ̀tì, tó sì ń fi ọ̀rá bò ó bí ìwé-ẹ̀rí yunifásítì.

Bébà wọn kan sọ pé ẹni tó bá ń mu omi àlùbọ́sà láràárọ̀ kò nílò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́. Màmá mi, tó ń ta ata ní Mile 12, gbà á gbọ́, wọ́n sì pa oògùn wọn tì. Lọ́jọ́ kẹta, òòyì ń kọ́ wọn.

“Daddy, ta ló kọ ọ́?” ni mo bi lánlọ́ọ̀dù.

“Dókítà ni! Àbí o mọ̀wé jù ú lọ?”

Mo gba bébà náà, mo sì túmọ̀ ìlà Gẹ̀ẹ́sì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá fún màmá mi: “Omi àlùbọ́sà wa wà nínú ìgò. Ẹ tètè rà á kó tó tán.”

“Kó tó tán kẹ̀?” Màmá mi bú sẹ́rìn-ín. “Ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn tí ata mi bá fẹ́ bàjẹ́!”

Ojú lánlọ́ọ̀dù ni màmá mi ti gbé oògùn wọn mì. Mo yangàn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi náà ti tẹ bébà tèmi jáde ní kafé yẹn, mo sì ṣe ohun tó sọ: mo fi oyin pa orí fún oṣù kan kí irun lè hù.