Ọwọ́ Ìyàwó

“Ẹ rọra, Àǹtí, ó gbóná.” Mo fẹ́ atẹ́gùn sí ṣíbí, mo sì fi ògì sí ìyàwó lẹ́nu. Làálì tútù wà ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n fi aṣọ wé e dé ọrùn ọwọ́. Òórùn rẹ̀, bíi ti koríko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, gba gbogbo yàrá wa ní Asafo. À ń gbọ́ àwọn ọmọ ọkọ̀ tó ń pe èrò ọjà lóde: “Kejetia! Kejetia!”

Arúgbó tó ń lé làálì fún àwọn ìyàwó àdúgbò wa ló yàn mí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, ìyá mi ti kú. Ó ní, “Ọ̀rẹ́ ìyàwó kì í ṣe ọmọ tó lẹ́wà jù. Òun ni ọwọ́ ìyàwó títí làálì yóò fi mú. Bí imú bá ń yún un, ìwọ ni wàá bá a họ ọ́. Bó bá sunkún, ìwọ ni wàá nu ojú rẹ̀.” Bí mo bá ṣe é dáadáa, èmi ni n óò mú un lọ́wọ́ lọ sílé ọkọ ní Krofrom.

Àbúrò ìyá ìyàwó kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tirẹ̀ ló fẹ́ kó bá ìyàwó rìn.

Mo jáde lọ bu omi lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà tí arúgbó tú aṣọ náà lọ́sàn-án lójú àwọn obìnrin ilé, ọwọ́ òsì pọ́n dẹ̀dẹ̀, ọ̀tún sì fẹ́ẹ́rẹ́ bí omi tíì. Ẹnìkan ti tú u kó tó mú.

“Ta ló dán èyí wò?”

“Ta ni ìbá tún jẹ́?” ni àbúrò ìyá ìyàwó dáhùn. “Agya ei, bàbá mi o! Mo sọ fún yín pé ẹ má fi ọmọ aláìníyàá sídìí nǹkan ayọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi rọ́pò rẹ̀.”

Mo wo ìyàwó. Ó mọ ẹni tó tú u. Ó dorí kodò. Láti àárọ̀ ni mo ti ń jẹ́ ọwọ́ fún un. Kò lè jẹ́ ẹnu fún mi ní ìṣẹ́jú kan.

Arúgbó kò pariwo. “Gbogbo yín, ẹ na ọwọ́ yín kí n rí i.”

Ògì nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Àbúrò ìyá ìyàwó ki tirẹ̀ bọ abẹ́ ìborùn.

“Àbí òtútù ń mú ọ ni, ìyá ọmọ?”

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó mú un jáde, àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ pọ́n.

“Wallahi, làálì kì í bá èèyàn bo àṣírí,” ni arúgbó wí. Ó yí sí mi. “Jókòó sáyè rẹ, ọmọ mi. Ògì ń tutù.”

Mo mí kanlẹ̀. Mo jókòó, mo tún mú ṣíbí. Arúgbó po làálì mìíràn, ó lé ọwọ́ náà lákọ̀tun. Lọ́nà Krofrom, ìyàwó rọra tẹ ọwọ́ mi bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. N kò tẹ tirẹ̀ padà.

Pípọ́n ìka yẹn pẹ́ kó tó parẹ́. Abẹ́ ìborùn ni àbúrò ìyá ìyàwó máa ń fi í pamọ́ sí bó bá ń lọ sọ́jà. Ó ti kú báyìí. Wọ́n ní èèyàn rere ni, n kò jiyàn.

Lónìí, ọ̀rẹ́ ìyàwó mẹ́jọ a tò, gbogbo wọn a di fóònù mú; imú a sì máa yún ìyàwó láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe olùkọ́, bí ẹjọ́ bá délẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ń pariwo jù ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n fẹ̀sùn èké kàn ló ti tìtorí rẹ̀ mí kanlẹ̀ níwájú mi.