Èdè Panya Nínú Ilé Ìdáná Mi

Inú ṣì ń bí mi. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ti gbàgbé.

Panya ni wọ́n bí mi sí, erékùṣù tí bàbá mi ti Ìlúpéjú lọ, tí ó lọ ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó. Èdè Sípéènì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Nínú ilé, Èkìtì là ń sọ. Tí a bá ti jáde, Sípéènì. Mo ti ń gbọ́n díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ìjọba wa kó wa wálé. Nígbà tó yá, bàbá mi kú, ìyá mi náà kú, kò sì sí ẹni tí mo tún lè bá sọ Sípéènì ní gbogbo Ìkọ̀lé tí mo lọ́kọ sí. Ìgbà tí mo bí ọmọbìnrin mi àkọ́kọ́ ni ẹnu mi tó tún là.

Mi ò jókòó kọ́ ọ bíi tíṣà. Mi ò ní ìwé, mi ò ní kásẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá ń wẹ̀ ẹ́, mo máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú, màá ní mano. Màá fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, màá ní pie. Tí a bá wà nídìí ààrò, màá ní kó fún mi ní sal, yóò sì na iyọ̀ sí mi. Mo ń ránṣọ nígbà náà, òun ló ń bá mi ṣa bọ́tìnì, tí ó ń dárúkọ àwọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní àárọ̀ Sátidé, a máa ń dín ẹyin bí ìyá mi ṣe ń dín in ní Panya, àfi pé iṣu la máa ń gé wẹ́wẹ́ sí i dípò ànàmọ́, torí iṣu ló wà nílé. Tortilla là ń pè é. Ọmọ mi ni yóò máa ka ẹyin bí mo ṣe ń fọ́ ọ: uno, dos, tres. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tí kò tíì rìn dáadáa yóò jókòó sórí ẹní, yóò máa pariwo "dos!" sí ohun gbogbo tó bá rí: adìẹ, bàtà, bàbá rẹ̀. A máa ń rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wa.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ilé tó tẹ̀ lé tiwa ló ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ méjì. Èkó ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ tí ọmọ mi ń bá ọmọláńgidi rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilé.

"Ìyàwó, kí ni ọmọ yìí ń sọ?"

"Èdè Panya ni, mà. Òun ni wọ́n ń sọ níbi tí mo dàgbà sí."

"Ta ló ń sọ ọ́ ní Èkìtì níbí? Ọmọ tó ń dá sọ èdè tẹ́nì kan ò gbọ́, ìyẹn ò dáa o."

Mo rò pé àwàdà ni.

Kò pẹ́ sígbà náà, mo gbé aṣọ oníbàárà lọ sí Ìdó, mo sì fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi láti àárọ̀. Nígbà tí mo dé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Aládùúgbò kan sọ fún mi pé wọ́n ti kọrí sí ilé àdúrà kan lẹ́yìn ìlú. Mo gun ọ̀kadà tẹ̀ lé wọn.

Orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo bá ọmọ mi tó kúnlẹ̀ sí. Ojú rẹ̀ ti wú, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Wọ́n ní ààwẹ̀ ló ń gbà. Ọmọ ọdún méje! Ọkùnrin kan di orí rẹ̀ mú, ó ń pàṣẹ fún ẹ̀mí tó ń fọ èdè nínú rẹ̀ pé kó jáde. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pọn ọmọ mi kékeré sẹ́yìn, ó ń ṣe àmín.

"Agua," ni ọmọ mi ń wí. "Mamá, agua."

Omi ló ń tọrọ. Bó sì ṣe ń tọrọ omi ni wọ́n túbọ̀ ń pariwo mọ́ ọn, torí wọ́n rò pé ẹ̀mí náà ló ń dá wọn lóhùn.

Mo já a gbà. "Omi ló ń bèèrè! Omi!"

"Ìyàwó, fara balẹ̀. Nítorí ọmọ la ṣe—"

"Ẹ ò bi mí, mà! Èmi tí mo bí i wà láyé, ẹ ò sì bi mí!"

Títí mo fi kó àwọn ọmọ mi kúrò níbẹ̀, "ẹ" ni mo ń lò fún un. Ó ń dùn mí dòní pé "ẹ" ni mo lò.

Nígbà tí ọkọ mi dé, ó ní ẹ̀gbọ́n òun kò ní ibi lọ́kàn. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti tán. Mo bi í pé ta ló parí ẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí èdè náà sinmi ná, kí àlàáfíà lè wà. Mo ní mi ò ní jẹ́ kó sinmi.

Àmọ́ nígbà tí Sátidé dé, tí mo fọ́ ẹyin àkọ́kọ́, ọmọ mi ò kà á.

"Uno," mo ní.

Ó tẹjú mọ́ abọ́. "Màámi, ẹ jẹ́ ká kà á ní Yorùbá."

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá bá a sọ Sípéènì, Yorùbá ló fi ń dá mi lóhùn. Àbúrò rẹ̀ nìkan ló kù tí mo ń bá sọ ọ́.

Ọdún ń gorí ọdún. Fóònù alágbèéká ti dé Ìkọ̀lé nígbà tí a gbọ́ pé ọkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti kúrò ní Èkó, ó ti wà ní Sípéènì, oko tòmátò ló ń ṣiṣẹ́ sí. Ó ti rí ìwé ìrìnnà gbà fún ìyàwó àti ọmọ. Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi wọlé tọ̀ mí wá, ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó mi, ẹ̀bùn ni Ọlọ́run fún ọ yìí o. Jọ̀ọ́, bá mi fi èdè yẹn sẹ́nu àwọn ọmọ yìí kí á tó lọ."

"Àǹtí, ṣé ẹ̀mí yẹn ti wá di ẹ̀bùn?"

"Háà! Ìyẹn ṣì wà nínú rẹ?"

"Ó wà níbẹ̀, mà. Màá kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ pe ọmọ mi, kí ẹ sọ fún un pé kò sí ẹ̀mí kankan nínú rẹ̀."

"Kí n bẹ ọmọ tí mo gbé jó? Nínú ulé bàbá mi?"

Ó dìde, ó lọ. Ọkọ mi bẹ̀ mí títí, mi ò gbà. Nígbà tó yá, obìnrin náà padà wá fúnra rẹ̀. Mo pe ọmọ mi jáde láti ibi tó ti ń kàwé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò wo ojú rẹ̀, ara ògiri ló ń wò.

"Ọ̀rọ̀ ọjọ́sí yẹn, a ò mọ̀ ni. Kò sí nǹkan tó ṣe ọ́. Má bínú."

"Ẹ ṣé, mà," ni ọmọ mi wí. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sì padà sídìí ìwé rẹ̀.

Mo kọ́ àwọn ọmọ náà. Wọn ò ṣẹ̀ mí. Nídìí ààrò náà ni, pẹ̀lú iyọ̀, pẹ̀lú ẹyin, pẹ̀lú bọ́tìnì, wọ́n sì yára gbọ́ ọ. Ọmọ mi kékeré ń bá wọn fa ọ̀rọ̀, ilé ìdáná kún fún ariwo. Ṣùgbọ́n bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, èyí àgbà yóò gbé àpótí rẹ̀, yóò jáde lọ jókòó sí iwájú ilé títí a ó fi parí. Ọmọ tí mo tìtorí ẹ̀ la ẹnu. Kò sí bí mo ṣe rò ó tí inú kì í bí mi.

Wọ́n ti lọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi máa ń pè láti ọ̀hún, á ní àwọn ọmọ ló ń ṣe ògbufọ̀ fún òun lọ́jà àti lọ́dọ̀ dókítà, á máa dúpẹ́, á máa ṣàdúrà fún mi. Mo máa ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, màá bèèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà màá gbé fóònù fún ọkọ mi.