Bàbá Mi Tó Ń Ya Páálí Ojúlówó

Ó dìgbà wo, Bàbá mi? Ẹ̀yin tí ẹ kì í jáde nílé láì sọ ìgbà tí ẹ máa dé, ẹ ti lọ báyìí, ẹ kò sì dá ìgbà kankan fún wa.

Èmi Fólúkẹ́, àkọ́bí yín, ni wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére yìí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ọdún kìíní ni mo wà ní yunifásítì. Enugu ni ẹ bí mi sí, gẹ̀ẹ́sì àti píjìnnì ló sì yá mi lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ẹ gbìyànjú lórí mi. Òfin yín ni pé ẹni tó bá sọ òyìnbó nídìí oúnjẹ ló máa fọ abọ́, gbogbo ilé sì mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú omi ọṣẹ. Màmá ti bá mi ka ohun tí mo kọ, wọ́n sì ti tún àwọn àmì ohùn rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àmì ohùn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Orúkọ yín ni. Ẹ fi orúkọ rere sílẹ̀ ní ìlú tí kì í ṣe ìlú àwọn baba yín, ẹ sì fi í sílẹ̀ fún wa láti máa ṣọ́. N kò mọ̀ bóyá ọwọ́ mi le tó ẹrù náà.

Àwọn ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ yín sí Ìsáyà ọmọ akọ̀wé rélùwéè, ẹni tó máa ń dé lọ́dún Kérésì pẹ̀lú ìrẹsì Abakaliki àti ọkọ̀ Píjò tí kì í dákú lọ́nà. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ ohun tí ẹ jẹ́ ní Enugu. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n lónìí, kí wọ́n lè fi yín yangàn bí èmi náà ṣe ń fi yín yangàn.

Ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni ẹ ń tà, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí ọjà Àtísàn. Irú ọjà méjì ló wà níbẹ̀. Ojúlówó ni èyí tó ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà fúnra wọn wá. Ìkejì ni èyí tí àwọn mìíràn ṣe láti fi rọ́pò rẹ̀, tí gbogbo ọjà ń pè ní Tàíwàn, ibi yòówù kó ti wá. Àwọn ọlọ́jà mìíràn a máa gbé ọ̀kan síta, wọn a sì fi èkejì pamọ́. Ẹ̀yin a máa gbé méjèèjì sórí kántà, ẹ ó ní kí oníbàárà gbé wọn wò lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà lẹ ó wá fi èdè Ìgbò yín tó ń dún bíi ti ará Ògbómọ̀ṣọ́ béèrè ohun tí wọn kò retí: “Ta lẹ máa ń fi ọkọ̀ náà gbé?”

Ọ̀rọ̀ yín kò yí padà láti kékeré mi: “Ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró àti ohun tó ń darí rẹ̀, ojúlówó ni. Ohun tí ojú kàn ń wò, Tàíwàn tó o.” Ẹni tó bá fẹ́ ra Tàíwàn sí bíréèkì, ẹ kò ní tà á fún un, bó tiẹ̀ bínú lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ kì í jẹ́ kí ènìyàn fi ìgbéraga ra ojúlówó. Mo rántí olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá ra gíláàsì iná ẹ̀yìn fún ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀. Ó taku pé òun kì í lo ayédèrú, bẹ́ẹ̀ gbogbo ọjà ló mọ̀ pé ìjọba kò tíì san owó ìfẹ̀yìntì wọn. Ẹ rọra gba ojúlówó lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fi Tàíwàn lé e lọ́wọ́. Ẹ ní, “Tíṣà, iná pupa ni ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín máa rí. Kò ní rí páálí.”

Mazi Okoro tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín kígbe sí gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù wa pé kí wọ́n wá wo Yorùbá tó ń fi ìgbálẹ̀ lé èrè jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin kò bínú. Ẹ dá a lóhùn pé, “Tàíwàn kì í ṣe olè. Ẹni tó pe Tàíwàn ní ojúlówó ni olè.”

Nígbà tó yá, náírà wó lulẹ̀, ojúlówó sì di ohun tí à ń wò bí wúrà. Ìgbà náà ni àwọn tó ń ra páálí òfìfo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri ọjà. Wọ́n á ra páálí ojúlówó tí wọ́n ti yọ ọjà inú rẹ̀, wọ́n á kó Tàíwàn sí i, wọ́n á sì tà á bí ojúlówó. Ẹ̀yin kò ta páálí fún wọn rí. Ẹ tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí ẹ bá ti ta ojúlówó, ojú oníbàárà lẹ ti máa ń fa páálí rẹ̀ ya. Àwọn dírẹ́bà ló kọ́kọ́ yarí. Wọ́n ní ọ̀gá àwọn kò ní gbà pé ojúlówó làwọn rà bí kò bá rí páálí. Ẹ rò ó, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìdérí nìkan. Ẹ ní ọ̀gá á rí orúkọ tó wà lára rẹ̀, ayédèrú kò sì ní rí ilé gbé mọ́. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe di Ọ̀gá Tíà-Am lẹ́nu gbogbo mẹkáníìkì, ìyẹn ọ̀gá tó ń fà á ya. Títí dé àdúgbò Amechi àti Ugwuaji, bí dírẹ́bà bá ti gbé páálí dé, ìdérí ni ọ̀gá rẹ̀ máa kọ́kọ́ wò. Bí kò bá sí ìdérí, ọkàn ọ̀gá balẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya páálí tiwọn náà. Wọ́n á kó Tàíwàn sínú páálí ojúlówó, wọ́n á sì ya ìdérí rẹ̀ bí tiyín. Nígbà tí ẹ gbọ́, ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú yín. Ẹ ní, “Wọ́n ti ń ṣe Tàíwàn èmi fúnra mi.”

Ẹ̀rín náà kò tọ́jọ́. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí awakọ̀ takisí kan dé pẹ̀lú páàdì bíréèkì tó ti fọ́ àti páálí tí kò ní ìdérí. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Miliken, ó tẹ bíréèkì, bíréèkì kò mú. Ara òkè ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbá kó tó dúró. Kò sí ẹni tó kú, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà na páálí náà sí yín lójú. Ó ní ẹ̀yin tí wọ́n ń pè ní olóòótọ́, ẹ fẹ́ pa òun. Èrò pé jọ. Mo ń wò yín pé kí ẹ kígbe padà mọ́ ọn.

Ẹ kò kígbe. Ẹ fún un ní àga, ẹ fún un lómi, ẹ sì bi í níbi tó ti rà á. Ìgbà náà ló wá ṣàlàyé pé ọ̀dọ̀ ẹnì kan ní òdì kejì ọjà ni, pé ẹni náà sọ fún òun pé ẹ̀ka ṣọ́ọ̀bù yín ni. Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Mazi Okoro ní ẹjọ́ ti parí, kí awakọ̀ máa lọ bá ẹ̀ka. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò rẹ́rìn-ín. Ẹ gbé páàdì ojúlówó kan sọ̀ kalẹ̀, ẹ gbé e fún ọkùnrin náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ní, “Ẹ fi ọwọ́ ara yín ya ìdérí rẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà, ẹ kò ya páálí mọ́. Oníbàárà ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya á, kó lè mọ èyí tí òun ya. Nídìí oúnjẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Màmá bi yín pé, “Bàbá Fólúkẹ́, ṣé gbogbo Enugu lẹ fẹ́ fún ní páàdì ni?” Ẹ gbé òkèlè ẹnu yín mì ná. Ẹ ní, “Kò ra ọjà lọ́wọ́ mi. Orúkọ mi ló rà, orúkọ yẹn ló sì fẹ́ pa á.”

Nígbà tí mo wọ yunifásítì, mo sọ fún yín pé àwọn tó kù mọ̀ jù mí lọ, pé mo máa ń dákẹ́ ní kíláàsì kí wọ́n má bàa mọ̀. Ẹ ní, “Bí ohun tó o mọ̀ bá jẹ́ Tàíwàn, pè é ní Tàíwàn. Ṣáà má fi páálí ojúlówó bò ó.” Bàbá mi, Yorùbá tí mo fi ń kọ èyí, Tàíwàn ni. Mo ti pè é bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, ọkùnrin kan láti ọjà wá kí wa nílé ní Amechi. Ó kẹ́dùn dáadáa, ó sì gbàdúrà. Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù yín, ṣùgbọ́n kí a má yọ pátákó orúkọ yín kúrò lójú ọ̀nà, òun yóò sì máa jẹ́ kí oníbàárà ya páálí bí ẹ ṣe ń ṣe. Ó ní òun á sanwó lórí orúkọ náà lọ́tọ̀. Àwọn àbúrò mi ṣì wà nílé ìwé, Màmá sì mọ ohun tí owó náà lè ṣe. Màmá yíjú sí mi. Wọ́n ní, “Ìwọ ni àkọ́bí. Kí ni ká ṣe?”

N kò mọ̀ ju kí n bi í ní irú ìbéèrè tí ẹ máa ń bi ènìyàn. Mo bi í pé kí ló ń tà, ṣé ojúlówó ni àbí Tàíwàn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ọmọ mi, ní ọ̀dọ̀ tèmi, ojúlówó ni gbogbo ẹ̀.”

Bàbá mi, ní gbogbo ọdún tí ẹ fi tajà, ẹ kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo sọ fún un pé ó lè gba ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n orúkọ kò sí fún yíyá. Ó wo Màmá bóyá wọ́n á bá mi wí. Màmá ní, “Bàbá rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máà bínú.”

N kò mọ̀ bóyá mo ṣe é dáadáa tó. Bóyá owó ilé ìwé àwọn àbúrò mi máa mú mi ronú sí i lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n Mazi Okoro fúnra rẹ̀ ló gun àkàbà lọ tú pátákó náà, ó nu eruku ara rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọrùn rẹ̀, kò sì fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Pátákó náà wà ní pálọ̀ wa báyìí, níbi tí àga yín máa ń wà. Ẹnikẹ́ni kò ní kàn án mọ́ ẹnu ọ̀nà tí kì í ṣe tiyín.

Ẹ̀yin ọkùnrin tí ìlú àjèjì gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ ti sọ òótọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ sinmi. Ẹ sùn re o, Bàbá mi. Orúkọ yín wà nílé.