Lójú Gbogbo Yín Ni Ṣadé Máa Lo Oògùn Rẹ̀

Mo rántí ohùn omi tí Ṣadé máa ń ṣí sílẹ̀ ní balùwẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, nílé wọn ní Lokogoma, ní Abuja. Omi á máa ṣàn gan-an, kí n má baà gbọ́ ohun mìíràn. Ìgbà náà la ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá rẹ̀, Fọlákẹ́ ọmọ mi.

Lọ́jọ́ kan mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ nídìí tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Màmá, mo máa ń bí."

Abuja ni wọ́n bí i sí, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kò yàtọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo bú sẹ́kún, mo ní ta ló fún un lóyún. Ó tọ́ka sí èébì tó wà nílẹ̀. Bì ló ń wí. Á jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé, á lọ bì í, á máa sunkún.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ Dókítà Háwáù ní Garki, ó ní àìsàn gidi ni. Ó fún un ní oògùn tí wọ́n ń fún àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá mú, ó ní ó máa ń dín àjẹjù àti èébì náà kù, àmọ́ kò ní yá bí oògùn ẹ̀fọ́rí. Kó máa wá báwọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, kó má sì dá oògùn náà dúró fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Rótìmí, tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá, kó àwọn kan wá kí mi. Ó ní oògùn wèrè ni, ta ni yóò fẹ́ ẹ. Ká dà á nù, ká gbààwẹ̀. Ṣadé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi páálí oògùn pamọ́ sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé bó bá wọ yàrá láìlò ó lọ́jọ́ náà, kò ní lò ó mọ́.

Mo ní, "Ṣadé, bu omi, wá lò ó níbí."

Ìyá Rótìmí ní, "Màmá Fọlákẹ́, ẹ ò bẹ̀rù?"

"Ẹ̀rù wo? Mo ti sin ìyá rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó wà nínú báàgì yín yẹn, ṣé mo ní kẹ́ ẹ fi ààwẹ̀ rọ́pò ẹ̀? Lójú gbogbo yín ló máa lò ó."

Omi dà sí Ṣadé láyà, àmọ́ ó gbé oògùn náà mì.

Kò tètè yá o. Ó ṣì bì lẹ́yìn ìgbà náà, kó tó máa dín kù. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, mi ò lè pe orúkọ oògùn náà dòní. Àwọn tó ń pè é ní oògùn wèrè, kí wọ́n máa pè é lọ. Ṣadé ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Wuse, ẹ̀gbẹ́ mi ló ti ń jẹun alẹ́, omi kì í ṣàn lẹ́yìn rẹ̀ mọ́.

Kò tíì lè pe bì kó dún bí bì. Mi ò kọ́ ọ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò wúlò fún un mọ́.